Ìyá Arúgbó tí Kò Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọmọ tó bá tẹ̀lé ìbejì wáyé, orí kunkun ló bá wá. Ìdòwú, ìyá Olúsọjí, kò sì dójú ti orúkọ náà rí, bó tilẹ̀ ti di ìyá àgbà tí orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Lọ́dún yìí, ohun tó gbé orí kunkun lé ni pé òun máa ya fọ́tò ariwo.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Kẹ́hìndé ló fà á. Ibà kan mú Kẹ́hìndé lásìkò òjò. Nígbà tí ibà náà ń lọ, ó kó etí rẹ̀ méjèèjì dání. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí a bá ń sọ̀rọ̀ etí ládùúgbò wọn ní Ṣakí, etí Kẹ́hìndé là ń sọ. Lọ́jọ́ Kérésì, bí wọ́n bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn méjèèjì á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, odó iyán á máa dún láti ilé dé ilé, Kẹ́hìndé á sì máa dárúkọ onílé láìwo ẹnikẹ́ni: ilé Abọ́sẹ̀dé nìyẹn, ọkọ rẹ̀ ló ń bá a gún un, ilé Ògúndèjì nìyẹn, a ò ní jẹun níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní báyìí, ó ní òun ò ní jókòó síta bíi kùkùté kí òun máa wo ẹnu olẹ́nu. Akíntọ́lá ọmọ rẹ̀ máa wá mú un lọ sí Ìsẹ́yìn kí Kérésì tó dé.

Ìdòwú ò lè fojú inú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn lóun nìkan. Ó gba fóònù Favour, ọmọ ọmọ rẹ̀, ó ní kó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han òun, ó bọ́ síta. Awò ojú rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ti jókòó lé e lọ́jọ́ Àìkú, ìdí rẹ̀ kì í sì ṣe irú ìdí tí awò ń yè lábẹ́ rẹ̀.

Ó ya àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí wọ́n ti ń wá ohùn òkè, ó ya bángà tí àwọn ọmọdé ń yìn, ó ya àkùkọ tí wọ́n ń lé yí ilé po, ó ya ọyẹ́ tó ń gbọn páànù òrùlé, ó ya odó ilé Ògúndèjì. Ibi gbogbo tó bá gbé fóònù sí, ìyá arúgbó kan á ti dúró sínú rẹ̀, gèlè rẹ̀ á wọ́. Ìdòwú kọ́kọ́ fi sùúrù bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó di ti àkùkọ, ó bú u. Ó délé, ó ń ròyìn pé obìnrin kan wà ládùúgbò tí kò níṣẹ́, tó ń tẹ̀lé òun kiri.

Mojeed tó ń tẹ fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wo àwòrán, ó wo Ìdòwú, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní Màmá mà rẹwà o. Ìdòwú dúpẹ́, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ò ríran dé inú fọ́tò, ṣùgbọ́n ó rántí bí àwọn fọ́tò náà ṣe tẹ̀lé ara wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fi lẹ́tà ńláńlá kọ ewì sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Akíntọ́lá ti gbé àpò ìyá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Ìdòwú já wọlé, tó ń mí bí ẹwìrì. Ó da fọ́tò lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Kẹ́hìndé mú ọ̀kan, ó wò ó, ó mú òmíràn. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìdòwú rò pé ẹkún ni. Ó yọ awò lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi sí tirẹ̀, ó wo fọ́tò. Kò sí akọrin, kò sí àkùkọ. Favour ti yí kámẹ́rà kọjú sí ẹni tó mú un dání, bó ti máa ń fi ya ara rẹ̀. Ìyá arúgbó onígèlè wíwọ́ yẹn nìkan ló kún ibẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ara mi ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí," ni Ìdòwú wí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú.

Kẹ́hìndé gba awò rẹ̀ padà. Ó gbé fọ́tò kan sókè, èyí tí Ìdòwú ti di ojú pinpin, tí ètè rẹ̀ fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bángà nìyí. Ó yí i padà, ó kà á:

Bángà dún gbàù, ìdí mi fò kúrò lórí àpótí;
ìdí ti padà dé, ọkàn ṣì wà lọ́nà.

Ó gbé òmíràn. Ó ní àkùkọ ni Ìdòwú ń bá jà níbẹ̀ yẹn. Ó yí i padà:

Àkùkọ bú mi, mo gbọ́, mi ò fèsì;
ìkòkò ọbẹ̀ ló máa bá mi dá a lóhùn.

Imú tó kákò ló fi mọ àwọn akọrin. Ètè tó gbẹ ló fi mọ ọyẹ́. Nínú èyí tó kẹ́yìn, Ìdòwú fa ẹnu sí ọ̀tún, ó gbójú sókè bí ẹni tí wọ́n ń fi sùúrù rẹ̀ ṣeré. Akíntọ́lá ní òun ò mọ èyí o. Kẹ́hìndé wò ó pẹ́, kò yí i padà.

"Odó ilé Ògúndèjì ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Láti ọjọ́ tó o ti kéré lo ti ń ṣe ojú yẹn sí wọn."

Ìgbà náà ló wá wo ẹ̀yìn rẹ̀:

Gbì, ó dákẹ́. Gbì, ó tún dákẹ́.
Wọn ò gún iyán níbẹ̀, iṣu ni wọ́n ń bẹ̀.

Ó sọ fún Akíntọ́lá pé kó gbé àpò padà sí yàrá, kó sì dúró bá àwọn jẹ iyán, níwọ̀n ìgbà tó ti dé.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe ọjọ́ Kérésì, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdòwú kọjú sí ọ̀nà. Kẹ́hìndé yí àga tirẹ̀ sí Ìdòwú, ó ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Odó bẹ̀rẹ̀. Ìdòwú ti pinnu pé òun ò ní jẹ́ kó rọrùn: ó fa ojú ro, ó di ètè, ó le koko bí ère. Ó pa á mọ́ra, ó pa á mọ́ra, gbì kan sì dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, ó dákẹ́. Ẹnu Ìdòwú fà sí ọ̀tún.

"Ògúndèjì," ni Kẹ́hìndé wí. "Ká tètè wá búrẹ́dì jẹ ná."