Olóṣèlú Tó Ń Bèèrè Àlàáfíà Màmá

Iṣẹ́ mi ni kí n máa jẹ́ òyìnbó. Mo ń jókòó sílé mi l'Ọ́bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, mo ń dáhùn ohun tí àwọn olùdìbò ń kọ sí olóṣèlú kan ní Amẹ́ríkà lórí ayélujára, orúkọ rẹ̀ ni mo sì ń fi sí i. Ẹ má bi mí bóyá ẹgbẹ́ òṣèlú wọn tó ní àmì erin ni tàbí èyí tó ní àmì kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Àwọn méjèèjì ló ń sá kúrò láàárín, àfi bí ẹni pé àárín ń jó wọn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà ò le. Ó ní kí àlejò tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ rí ìwé ìgbélùú gbà. Èmi náà wá fi tèmi kún un: kò sí ẹni tí mo dá lóhùn tí n kò bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Ta ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ láì kí ará ilé rẹ̀? Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n ń pè é ní oníwà tútù. Ẹ̀kọ́ ilé tí mo kọ́ l'Óǹdó ni wọ́n ń yìn, wọn ò mọ̀.

Ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ wá sún mọ́lé. Bọ́láwálé, tó gbà mí síṣẹ́, pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ nítòsí Ọjà Ọba.

"Fẹ̀yìntọlá, ẹgbẹ́ ti yí. Kí àlejò padà sílé ni ìdáhùn wa báyìí. Ọ̀rọ̀ màmá yẹn náà ti tán."

"Sà, ìlú ọkùnrin yẹn ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀gbọ́n mi Gbémiga wà. Kò tíì rí ìwé gbà."

"Ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Bí o kò bá lè sè é, ẹni tó máa sè é ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

Kò purọ́. Mo ti fi ìwé ẹ̀rí tọrọ iṣẹ́ káàkiri Àkúrẹ́ títí bàtà mi fi já. Gbémiga ò lè fi nǹkan kan ránṣẹ́, ọwọ́ mi ni màmá wa l'Óǹdó ti ń jẹun, tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò sì lè sọ fún Gbémiga, nítorí mo ti fọwọ́ sí i pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nípa iṣẹ́ náà lẹ́nu mi. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sà." Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń jáde.

Ní Sátidé, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ s'Óǹdó, mo ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá tó ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ kan wọlé. Gbémiga Adébùsóyè. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

"Ọ̀gá, wọ́n ní ẹ ti yí padà, mo ní irọ́ ni. Èmi ni mò ń kan ilẹ̀kùn kiri tọrọ ìbò fún yín. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa tí ẹ dá lóhùn lẹ bèèrè ìyá wọn. Mo ní ẹni tó ń bèèrè ìyá kò lè lé ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?"

Kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu. Bọ́láwálé ń rí gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀.

"Kí ló dé?" Màmá bi mí.

"Iṣẹ́ ni, Màmá."

"Olúwa á máa bá ọ ṣe é."

Mo kọ ọ́ pé òótọ́ ni, pé kí ẹni tí kò níwèé padà sílé. Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti fi kún un: ṣé àlàáfíà ni màmá yín wà? Ó ti lọ kí n tó lè pa á rẹ́.

Ìdáhùn rẹ̀ ò pẹ́.

"Wọ́n wà dáadáa, sà. Ọlọ́run bá mi ṣe é, àbúrò mi obìnrin ríṣẹ́ gidi. Òun ló ń bọ́ wọn."