Iná Búréèkì Tí Mo Pa

Rewáyà ni mí ní Malu Road. Èmi Níyìọlá ni wọ́n ń pè bí iná mọ́tò bá ya wèrè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Chukwudi tó ń ta mọ́tò gbé ọkọ̀ eléérú kan wá. Iná pupa búréèkì kò kú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: ọ́ílì búréèkì ló ń jò nídìí táyà ẹ̀yìn.

"Ọ̀gá mi, abẹ́g, kọ́sítọ́mà ń bọ̀. Ṣáà bá mi pa iná yẹn."

Mo gé wáyà rẹ̀. Gbogbo wa la máa ń ṣe é ní Malu Road. Ohun tí mo fi tan ara mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní ká jáde wá gbàdúrà sí mọ́tò tí Ìyá Tẹjú, olórí akọrin wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo jáde wò ó. Ọkọ̀ eléérú yẹn ni! Pásítọ̀ ta òróró sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmín tèmi ló sì ròkè jù. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ mò ń pariwo.

Bí èrò ti tú ká, Ìyá Tẹjú pè mí.

"Brọ̀dá Níyì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní àwọn iná yìí. Èmi àti Tẹjú ń lọ Ìbàdàn lọ́la, mi ò fẹ́ kí nǹkan tàn kí n má mọ ìtumọ̀ ẹ̀."

Ó yí kọ́kọ́rọ́, iná sì tàn káàkiri. Wọ́n ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Èyí tó ṣẹ̀ gan-an ni mo fi ń tọ́ka fún un.

"Èyí tó dà bíi kẹ́tùlù, ọ́ílì ẹ́ńjìnnì ni. Èyí, bátìrì. Tẹ́ ẹ bá ti sitáàtì, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kú. Èyí tí ò bá kú, ó ń kìlọ̀ fún yín ni, mà."

"Ti búréèkì ńkọ́?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo ìjókòó ẹ̀yìn, mo rí Tẹjú, ọmọ ọdún méje, tó ti so bẹ́líìtì mọ́ra, tó ń rẹ́rìn-ín sí mi. N kò lè pa irọ́ náà.

"Mà, èmi ni mo gé wáyà ẹ̀. Búréèkì ń jò. Ẹ má gbé e kúrò níbí."

Kò pariwo. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó ní kí ọmọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Brọ̀dá Níyì, ká ní mi ò béèrè ńkọ́?"

Mo mọ èsì rẹ̀. Ǹ bá juwọ́ sí wọn, ǹ bá ní kí Ọlọ́run mú wọn lọ re, kó mú wọn bọ̀ re.