Àwọn Agégẹdú àti Pápá Yìnyín Tó Fì Sápá Kan

Èmi Jeannine Lacasse ni mo tú ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ìlú wa ká. Pòtétò díndín ni mo fi tú u ká. Àwọn kan ní Montbriand ò tíì dárí jì mí tán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 1971, Aldéric Bissonnette, ọ̀gá ilé ìlagi, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ó pè é ní Àwọn Agégẹdú. Àwọn ará òdìkejì odò ti ní tiwọn, wọ́n sì ń fi wá ṣẹ̀sín títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí pé kò rí ilẹ̀ míì, orí òpó igi nínú ẹrẹ̀ etí odò ló kọ́ gbọ̀ngán ìṣeré wọn sí. Àwọn àgbààgbà ní kó rò ó dáadáa. Ó ní pákó òun kì í rì. Kò sì parọ́: pákó ò rì, ẹrẹ̀ ló rì.

Kí Oṣù Kọkànlá tó parí, apá ìwọ̀-oòrùn gbọ̀ngán náà ti rẹlẹ̀, yìnyín sì fì tẹ̀lé e. Bí o bá gbé bọ́ọ̀lù pẹlẹbẹ wọn sí àárín pápá, á rọra máa yọ̀ lọ títí á fi wọ àwọ̀n ìsàlẹ̀. Mo rò pé Bissonnette á sunkún ni, àfi bó ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣebí ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ń pín eré náà sí, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ilé lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ti dojú kọ ìsàlẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, a ó tún dojú kọ ọ́ nígbà kẹta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa kan àlejò.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe borí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án nílé. Lẹ́yìn odi, ẹ̀sín ni. Fernand Ouimet, onígbàjámọ̀ tó ń ṣọ́lé fún wa, ti fi fífẹ̀yìn dúró kọ́ra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa. Tó bá dé orí yìnyín tó tẹ́jú, ẹ̀yìn ló ń ṣubú sí, sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, góòlù mẹ́tàdínlógún ló wọlé, ó sì bá mẹ́rin wọlé nínú wọn.

Nígbà tó di Oṣù Kejì, àwọn tá a ti nà ti fẹjọ́ sùn. Líìgì kọ̀wé pé ọ̀gbẹ́ni Hormidas Lussier ń bọ̀ wá yẹ pápá wò lọ́jọ́ Sátidé. Á gbé ọsàn kan sí àárín yìnyín. Bí ọsàn bá yí, ẹgbẹ́ tán.

Bissonnette ronú, ó ní kí gbogbo ìlú wá jókòó sápá òkè, kí ìwúwo wa lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀. A dán an wò lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn jókòó, àwọn tó sanra jù wà lẹ́yìn pátápátá, àlùfáà láàárín wọn. Ọsàn ò mira.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó. Yìnyín dá ọkọ̀ ojú irin Lussier dúró, ọ̀sán gangan ló dé. Kò sẹ́ni tó lè dìde, àtẹni tí ebi ń pa àtẹni tó fẹ́ tọ̀. Apá ìsàlẹ̀ gbọ̀ngán náà ni ilé ìdáná tí mo ti ń ta pòtétò díndín wà, Bissonnette sì ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ṣí fèrèsé rẹ̀.

Lussier gbé ọsàn kalẹ̀. Ọsàn dúró. Ó wò ó títí, ó mú kálàmù jáde, ṣùgbọ́n òtútù ti gan ọwọ́ rẹ̀. Ló bá kọjú sí mi.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí nǹkan gbígbóná lọ́dọ̀ yín? Látàná ni mo ti jẹun kẹ́yìn.”

Bissonnette ń mi orí sí mi bí ẹni tí oyin wọ̀ létí. Ṣùgbọ́n ta ló ń febi pa àlejò? Mo ṣí fèrèsé díẹ̀. Òórùn pòtétò, wàràkàṣì àti ọbẹ̀ ẹran jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Àlùfáà ló kọ́kọ́ dìde. Títí dòní ló ń sọ pé ẹsẹ̀ lòun fẹ́ nà. Bí gbogbo wọn ṣe rọ́ wá sápá mi nìyẹn. Ilẹ̀ kérora, ìsàlẹ̀ rì sí i, ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí yí. Lussier náà ṣubú jókòó, ó ń yọ̀ lọ pẹ̀lú kálàmù lọ́wọ́, ó sì ya ọsàn sílẹ̀ lọ́nà. Fernand tó wà lẹ́nu àwọ̀n na apá méjèèjì láti mú un. Àwọn méjèèjì jọ wọlé, ọsàn dé lẹ́yìn wọn. Ẹni tó ń ṣọ́ iná góòlù tan iná pupa, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Lussier bi wọ́n láti inú àwọ̀n pé, “Ta ló ni góòlù yẹn?”

Bissonnette ṣí fìlà. “Ẹ̀yin náà ni, ọ̀gá.”

Lussier jẹ abọ́ méjì kó tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹgbẹ́ tán. Oṣù márùn-ún péré la fi wà. Àwọn ọmọ náà padà sídìí igi gígé, Fernand padà sídìí abẹ. Lóṣù Kẹrin, odò kún, ó sì gbé ìdajì gbọ̀ngán lọ.

Bissonnette ò bá mi sọ̀rọ̀ títí Àjíǹde fi kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló dédé wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì mi, mo bu pòtétò fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi búrẹ́dì nu abọ́.

Ó ní, “Jeannine, iyọ̀ ọbẹ̀ yìí ti pọ̀ jù.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ṣé kí n bù sí i?”

Ó ní kí n bù ú.