Àgbo Jẹ̀díjẹ̀dí Bàbá Bàrúwà

Àdàpè olè ní ń jẹ́ ọmọ mi ń fẹ́wọ́. Nílé Bàbá Bàrúwà ní Ayétòrò, àdàpè jẹjẹrẹ ní ń jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Lukman, àkọ́bí wọn, ló dà á pè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé bàbá lọ sílé, pé oògùn tí yóò máa dín ìrora kù nìkan ló kù. Ó kìlọ̀ fún Rẹ̀mílẹ́kún, àbúrò rẹ̀: "Bàbá ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Tí wọ́n bá gbọ́, àyà wọn á já, wọn ò ní í pẹ́ lọ." Ó sọ ọ́ tán, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Ìlaròó. Ẹni tí kì í gbélé, òfin ilé kì í wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ta ló máa gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí ládùúgbò tí kò ní mọ egbòogi rẹ̀? Ìyá Mẹ̀dínátù gbé ìgò àgbo wá láti ilé kejì. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí gbé tiwọn. Ìyá àgbà kan gun ọ̀kadà wá láti Ọjà-Ọ̀dàn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé itan. Gbogbo rẹ̀ korò bí jogbo. Láràárọ̀ ni bàbá ń dijú gbé e mì.

Ó rẹ Rẹ̀mílẹ́kún láti máa gbé bàbá dìde, ó rẹ̀ ẹ́ láti máa fọṣọ, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló rẹ̀ ẹ́ jù. Ẹ̀rù ń bà á kí bàbá má lọ láìdágbére fún un. Ta ní í dágbére nítorí jẹ̀díjẹ̀dí?

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó gbé ife àgbo sílẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí ló ń ṣe yín."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Jẹjẹrẹ ni. Òun ló pa ìyá mi. Èmi ni mo tọ́jú wọn."

"Kí lẹ wá ń mu àgbo sí?"

"Bí mo bá mu ún, ara a tu ẹ̀gbọ́n rẹ." Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun, ọmọ mi. O tọ́jú mi dáadáa. Má jẹ̀ẹ́ kí Lukman mọ̀ pé mo mọ̀."

Lọ́sàn-án, Lukman dé pẹ̀lú ìgò tuntun. Ó bu àgbo kún ife. "Bàbá, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

Bàbá gbé e mì tán. "Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an."

Lukman mí kanlẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún gba ife lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ń sunkún, ó sì ń fọ̀ ọ́, torí bàbá á tún fi mu àgbo lọ́la.