Ògiri Ẹ̀yìn Gbọ̀ngàn Orin

Nígbà tí ìlú ránṣẹ́ pe Ìyá Síméńtì pé kó wá tún gbọ̀ngàn orin tí bàbá rẹ̀ kọ́ ṣe, inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì já. Àwọn lébìrà ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé òun fúnra rẹ̀ ló máa ń po síméńtì, kì í dúró lókè kó máa nàka sí wọn. Inú rẹ̀ dùn torí pé láti ọjọ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ birikìlà káàkiri ìlú ńlá, ilé onílé ló ń kọ́. Ohun tó já a láyà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Onífèrè, olórí ẹgbẹ́ akọrin abúlé. Ẹni tó bá máa fọwọ́ kan ilé yẹn, àfi kó kọ́kọ́ mọ bó ṣe máa bá Onífèrè sọ ọ́.

Ìparí abúlé ni gbọ̀ngàn náà wà, níbi tí ọ̀nà oko ti yà. Bàbá wọn kọ́ ọ nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré, kí àwọn tó ń ti oko bọ̀ lè rí ibi jókòó sí gbọ́ orin. Pánù rẹ̀ ti dípẹtà. Tí òjò bá ń rọ̀, akọrin á máa kọrin, òǹwòran á máa gbé àga sá fún omi. Ẹni tó bá pẹ́ dé, ojú fèrèsé ló ti máa gbọ́ tiẹ̀, ẹ̀fọn á sì máa bá a jó. Télọ̀, tó ń fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn, kò wọ inú ibẹ̀ rí láyé rẹ̀ nítorí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà.

Ohun tí ìlú fẹ́ ni pé kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, kí wọ́n ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn, kí wọ́n sì fi yàrá méjì kún un, ọ̀kan tí nọ́ọ̀sì á ti máa wọn ọmọ, ọ̀kan tí àwọn ọmọdé á ti máa kọ́ orin. Kò sí èyí tó le níbẹ̀, àfi pé ògiri ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wó.

"Ògiri wo?" Onífèrè béèrè nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá a láàárín àwọn akọrin rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Ó gbé fèrè kúrò lẹ́nu.

"Ti ẹ̀yìn yìí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọwọ́ bàbá wa ló mọ ọ́n."

"Mo mọ̀. Èmi náà pọn omi sí i."

"Ògiri yẹn ló ń gba ohùn wa mú. Tí mo bá fun fèrè, òun ló ń dá a padà sí mi létí. Òun lo wá fẹ́ wó? Ṣé o ti gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ ni?"

"Mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n òkú kì í bá alààyè du àyè."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ó ti bọ́, ó ti fọ́. Ojú Onífèrè yí padà, àwọn akọrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Àwọn méjèèjì forí lé ilé ìyá wọn láti lọ fẹjọ́ ara wọn sùn, bí ẹni pé wọ́n ṣì ń jà sí ẹja inú ọbẹ̀. Ìyá ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó gbọ́ tẹni tibí, ó gbọ́ tẹni tọ̀hún, ó wá rẹ́rìn-ín títí tó fi húkọ́.

"Ṣé ẹ mọ ìdí tí ògiri yẹn fi wà níbẹ̀?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Búlọ́ọ̀kù ló tán," ni Ìyá wí. "Bàbá yín fẹ́ kó gùn dé ìdí igi máńgòrò. Búlọ́ọ̀kù tán, òjò sì ń ṣú bọ̀. Ó ní kí wọ́n pa á dé bẹ́ẹ̀ ná, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á tì í sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Bó ṣe ń wí lọ́dọọdún nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé."

"Ìyá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa rí," Onífèrè wí.

"Ẹ ò bi mí rí."

Ẹ̀rín pa Ìyá Síméńtì, ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọgbọ́n orin ni bàbá òun fi wọn ògiri yẹn. Ó dìde, ó mú fèrè rẹ̀.

"Ẹ wó o. Ẹ má retí mi níbẹ̀."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Àwọn tó ti oko dé ń ru yanrìn, àwọn obìnrin ń wọ́nmi sí búlọ́ọ̀kù. Káfíńtà, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, wà lórí òrùlé tó ń bá gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ṣàwàdà. Télọ̀ ò tiẹ̀ jẹ́ kí síméńtì ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà gbẹ tán kó tó gùn ún. Ipa táyà rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ìyá Síméńtì pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ipa náà. Láràárọ̀ ni Onífèrè ń gbabẹ̀ lọ sóko. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o," á sì kọjú sí igbó bí ẹni tí ọrùn ń dùn.

Nígbà tí òrùlé parí, ẹgbẹ́ akọrin wọlé láti dán ilé wò. Wọ́n gbé orin. Ohùn fò lọ, ó lu ògiri tuntun, ó padà wá kọlu èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ẹnu wọn bọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń kọ.

"Orin kan la kọ," Káfíńtà wí, "orin mẹ́ta la gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Síméńtì jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Gbogbo òógùn ìlú ló wà nínú ilé yìí. Ó mọ ilé kọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ohùn ń fẹ́. Ó dìde, kò tiẹ̀ wẹ ẹsẹ̀, ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Onífèrè ń fi àkísà nu fèrè rẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyá Síméńtì kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí, ẹ foríjì mí. Ẹnu mi ló ṣáájú ọgbọ́n mi. Ilé ti tóbi, àmọ́ ṣe ni ohùn ń sá kiri nínú rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé mo ti bà á jẹ́, ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ó rí i pé "Ṣé mi ò wí?" ti dé ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i tó gbé e mì.

"Dìde," Onífèrè wí. "O ti fi síméńtì kun gbogbo ilẹ̀ mi."

Wọ́n jọ lọ. Onífèrè dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ohùn náà sì fọ́n ká. Ó rìn dé igun ọ̀tún, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dẹtí sílẹ̀. Gbogbo wọn ń wojú rẹ̀.

"Nígbà ayé bàbá wa," ó bi àbúrò rẹ̀, "ṣé o rí i rí kí ibí ṣófo báyìí tí wọ́n bá ń kọrin?"

Ìyá Síméńtì rò ó. "Rárá o. Ṣe ni wọ́n máa ń há mọ́ra."

"Ara èèyàn ló ń mu ohùn. Tí wọ́n bá kẹ́rù kúrò ní yàrá, ṣé kì í pariwo ni?"

Ó bọ́ sójú ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ sáré dé. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko gbé ọkọ́ léjìká wọlé. Obìnrin kan dé pẹ̀lú orí tí wọ́n di dé ìdajì, onídìrí rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì dé, Ìyá náà dé. Wọ́n jókòó sórí pákó, sórí àpò síméńtì, sórí ẹní, títí kò fi sáyè mọ́.

Onífèrè tún un fun. Lọ́tẹ̀ yìí ohùn náà jáde, ó gùn, ó rọra rìn láàárín wọn dé ẹ̀yìn, ó sì jókòó. Àwọn akọrin wo ara wọn, wọ́n gbé orin. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló yéni. Télọ̀, tó wà níwájú pátápátá, fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

"Igun ẹ̀yìn yẹn ṣì ń ṣagídí," Onífèrè wí nígbà tí orin parí. "Ẹ fi pákó bò ó, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó nípọn kọ́ síbẹ̀." Káfíńtà ti ń wá òòlù kó tó sọ ọ́ tán.

Ìyá Síméńtì jáde, ó ṣe bí ẹni tó ń yẹ gọ́tà wò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá dúró tì í. Kò wo ojú rẹ̀. Ó kàn gbọn eruku síméńtì kúrò ní èjìká àbúrò rẹ̀.

"O ṣeun," ó ní. "Ó ti gba gbogbo wa."

Ní báyìí, tí nọ́ọ̀sì bá ń wọn ọmọ lówùúrọ̀, Onífèrè a máa kọ́ àwọn ọmọdé lórin nínú yàrá kejì. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn gbàgbàgbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, fèrè yín ti jí gbogbo ọmọ tí mo ní níbí, wọ́n sì ń ké!"

"Ẹ kó wọn wá, nọ́ọ̀sì," Onífèrè dáhùn. "A ò tíì ní ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè tó bẹ́ẹ̀."