Òkò Orí Sàréè Nurbi

Ẹnu ni mo fi ń jẹun. Gaffar ni orúkọ mi, amọ̀nà àlejò ni mí ní ìlú Bidar, bí wọ́n bá sì ní kí gbogbo òpùrọ́ ìlú yìí wá tò, wọ́n á gbé àga fún mi níwájú. Mi ò fi ṣe fáàrí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àmọ́ èmi ni mo dá a sílẹ̀, kò sì yẹ kí ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́.

Láti Hyderabad ni ọ̀pọ̀ àlejò wa ti ń wá. Àárọ̀ Sátidé ni mọ́tò wọn máa ń ya wọ ìlú: tọkọtaya, ọ̀rẹ́ mẹ́rin-márùn-ún, àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́rùn. Wọ́n á wo odi, wọ́n á jẹun, wọ́n á ra àwo dúdú tí wọ́n fi fàdákà ṣe ọnà sí lára, tó bá wá di ọ̀sán, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo ibojì àwọn ọba ní Ashtur. Basappa ọ̀rẹ́ mi, tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá, ló máa ń kó àwọn tí kò ní mọ́tò wá bá mi. Ọba tó sùn síbẹ̀ pọ̀. Tí mo bá ti sọ ti ẹni méjì, àwọn àlejò á bẹ̀rẹ̀ sí í yán.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, lásìkò òjò, Basappa kó ọkùnrin mẹ́rin kan wá. Ọ̀kan nínú wọn ń tẹ fóònù ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń la ọ̀fun sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Arákùnrin, ọba kú, ọmọ rẹ̀ jọba, òun náà tún kú. Ṣé kò sí èyí tó dùn jù báyìí lọ ni?”

Inú bí mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ni mo bá rí sàréè kékeré kan lábẹ́ igi àjàgbọn létí ọ̀nà, tí kò ní orúkọ lára. Ẹnu mi sì ti yá ju ọpọlọ mi lọ. Mo ní ìránṣẹ́bìnrin ààfin kan ló wà níbẹ̀, pé ó fẹ́ràn ọmọ ogun ọ̀tá, pé òun ló ṣí ẹnubodè odi fún wọn tí ogun fi kó ìlú. Mo ní láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ràn Bidar kì í kọjá níbẹ̀ láì ju òkò lù ú. Mo bẹ̀rẹ̀, mo mú òkúta kan, mo sì jù ú.

“Alágbèrè!” ni mo pariwo.

Ọkùnrin yẹn ki fóònù rẹ̀ bọ àpò. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá òkúta, wọ́n ń jùkò, wọ́n ń ya fọ́tò ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fún mi ní nǹkan tó jọjú, Basappa sì fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, “Gaffar, orí rẹ pé! Ta ló kọ́ ọ nírú ìtàn yẹn?”

Mo ní bàbá bàbá mi ni. Ẹ ò rí i pé mo tún kó òkú ilé wa mọ́ ọn.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi kò tiẹ̀ fọ́, ńṣe ló ń bímọ kiri. Kí ọdún tó yí po, gbogbo amọ̀nà tó wà ní Bidar ló ń sọ ọ́. Basappa á ti sọ fún àwọn èrò rẹ̀ lọ́nà pé kí wọ́n ṣa òkúta tiwọn dání. Obìnrin kan bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Bó bá jẹ́ ọ̀dàlẹ̀ ni, ta ló wá ń kun sàréè rẹ̀ ní ẹfun?” Òótọ́ ni, funfun báláú ni sàréè náà. Mo ní àwọn ọmọọmọ ọba ló ń kùn ún kí àwọn tó ń jùkò lè máa rí i dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè obìnrin yẹn ì bá là mí lójú, ká ní mo lójú.

Ọjọ́ Ajé kan ni ọwọ́ tẹ̀ mí. Àlejò kan gbàgbé awò ojú rẹ̀ sábẹ́ igi lọ́jọ́ Àìkú, mo sì padà lọ wá a. Mo bá Hajra Bi níbẹ̀, ìyá àgbà tó máa ń ta gúáfà oníyọ̀ àti ata gígún lẹ́nu ọ̀nà ibojì. Gbogbo wa là ń jẹ gúáfà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí sàréè yẹn, ó ń ṣa òkúta, ó ń dà á sínú páànù àwọn lébìrà.

“Gaffar ọmọ Mastan! Kí ló gbé ọ wá síbí lọ́jọ́ Ajé?”

“Àlejò kan ló gbàgbé awò ojú, Ìyá. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbé iṣẹ́ òkúta fún yín?”

“Iṣẹ́ kẹ̀? Ọmọ mi ni mò ń tọ́jú.”

“Ọmọ wo?”

Ó fi àgbọ̀n júwe ilẹ̀. “Nurbi nìyí. O ò lè mọ̀ ọ́n, Hyderabad lo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ń dàgbà. Ibà ló mú un, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Mi ò lágbára òkúta tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, mo sì ní ta ni mo tiẹ̀ fẹ́ kọ ọ́ fún? Ṣebí èmi mọ ibi tó wà.”

Mo tún ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, mo bi í pé, “Àwọn wo ló ń jùkò, Ìyá?”

“Àwọn àlejò ni. Wọ́n ní alágbèrè ni. Ọmọ tó jẹ́ pé tí ọkùnrin bá ti wá ra gúáfà, ẹ̀yìn mi ló máa ń sá sí.”

Kò wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Ilẹ̀ ì bá lanu lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó ju òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ló ń bà. Ìyá tí mo ti ń jẹ gúáfà rẹ̀ láti kékeré ni tèmi bà, ó sì ń bà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọdún méjì. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ kí n jẹ́wọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń bá a ṣa òkúta.

Bó ṣe di pé gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ nìyẹn. Méjì ni páànù tí à ń kó kún. Èmi ni mo máa ń rù ú lọ dà sínú kòtò, tí mo bá dé, Hajra Bi á ti gé gúáfà, á bu iyọ̀ àti ata sí i, á ní kí n jókòó. Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fún mi. Ó ní gúáfà dídẹ̀ kì í wù ú, àfi èyí tó le tó ń ta eyín. Tí mo bá ń lọ, á ṣàdúrà fún mi. Mò ń dáhùn “Àmín,” bí ọmọ ọlọ́mọ tó níwà. Ó rí mi lára bí ẹni tó jí ewúrẹ́ tán, tó wá ń bá ẹni tó ni ín wá a kiri.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́ irú akin tí mo jẹ́: mo dẹ́kun ìtàn náà, ó tán. Mi ò sọ fẹ́nikẹ́ni pé irọ́ ni. Tí àlejò bá bèèrè ibojì ọ̀dàlẹ̀, màá ní ẹrẹ̀ ti dí ọ̀nà ibẹ̀. Àwọn tó kù ń sọ ọ́ lọ, òkò kò sì dín.

Nígbà tí oṣù Shaban dé, tó ku díẹ̀ kí alẹ́ àdúrà Baraat pé, tí gbogbo wa máa ń tún sàréè àwọn òkú wa ṣe, Hajra Bi ní eékún ń dun òun, kí n jọ̀ọ́ wá bá òun kun ẹfun. Ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí. Mo fi àlejò sílẹ̀, mo lọ. A ti kùn ún dé ìdajì, ẹfun ṣì tutù, nígbà tí mo gbọ́ ìró kẹ̀kẹ́ Basappa. Èrò márùn-ún ló bọ́ sílẹ̀, òkúta wà lọ́wọ́ kálukú.

“Ẹ wá wo oríire!” ni Basappa ń pariwo. “Ẹni tó ni ìtàn náà fúnra rẹ̀ nìyí! Ẹnu bàbá bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Gaffar, dìde jọ̀ọ́, sọ ọ́ fún wọn, mi ò lè ṣe ohùn alágbèrè yẹn bíi tìẹ.”

Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ mi. Hajra Bi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń po ẹfun, kò gbójú sókè. Mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́ báyìí, mi ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé.

“Irọ́ ni,” ni mo wí.

“Kí ni irọ́?” Basappa ṣì ń rẹ́rìn-ín.

“Gbogbo ẹ̀. Èmi ni mo pa irọ́ náà. Kò sí ìránṣẹ́ ààfin, kò sí ọ̀tá, bàbá bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Nurbi ni orúkọ ẹni tó wà níbí. Ọmọ ìyá yìí ni. Ibà ló pa á.”

Obìnrin kan nínú wọn jẹ́ kí òkúta ọwọ́ rẹ̀ já bọ́, ó sì fa ìborí bo orí rẹ̀. Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wo Basappa. “Ṣé eré wọn nìyí? Wọ́n ń díbọ́n ni?” Kò dúró gba èsì. Ó ní àwọn kò wọ bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ lásán, ó sì ju òkò rẹ̀. Òkò náà wọnú ẹfun tútù, ó dá ọgbẹ́ sí i, ẹfun sì ta sí aṣọ Hajra Bi.

Basappa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, rọra kó àwọn èrò rẹ̀ padà sínú kẹ̀kẹ́. Mo dojú bolẹ̀ níwájú ìyá yẹn, nínú eruku.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Mi ò mọ̀ pé ọmọ yín ni.”

“Tí kò bá wá jẹ́ ọmọ mi ńkọ́?”

Mo gbé orí sókè, mo tún dà á bolẹ̀.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” ló wí. “Ẹnu ọ̀nà ni mò ń jókòó sí, ṣé adití lo pè mí ni? Ẹnu rẹ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ tí o wá wá awò ojú, mo ní yóò sọ ọ́ lónìí. O ṣa òkúta, o lọ. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń sọ pé, yóò sọ ọ́ lónìí.”

“Ẹ wá ń fún mi ní gúáfà?”

“O ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ó yẹ kó jẹun.” Ó na búrọ́ọ̀ṣì sí mi. “Dìde. Ẹfun ń gbẹ.”

Mo kun ojú ọgbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó bò.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, abẹ́ igi àjàgbọn yẹn ni mo máa ń kó àlejò mi lọ kọ́kọ́. Mo ń sọ fún wọn pé Nurbi ló wà níbẹ̀, pé gúáfà líle ló fẹ́ràn, pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ìtàn yìí kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Àwọn kan ń yán. Àwọn kan á bi mí pé èwo gan-an ni òótọ́, pé amọ̀nà ibòmíràn ti sọ ọ̀dàlẹ̀ fún àwọn, ojú wọn á sì máa wá òkúta nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, a kó páànù kan kún, èkejì kò kún. Hajra Bi wo inú rẹ̀, ó fi ọwọ́ dà á síwá sẹ́yìn.

“Ó dín,” ló wí.

Ó gé gúáfà, ó fún mi. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, èmi náà kò sì bèèrè.