Ọ́ìlì Inú Ṣọ́ọ̀kì

Ìgbà kẹta rèé tí Lisardo máa gbé ọkọ̀ náà padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Evelio mẹkáníìkì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún 1953 ni, ó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ, òun ló sì fi ń kó àwọn aláìsàn kíndìnrín lọ sí ọsibítù ní ìlú Cienfuegos lọ́jọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ yẹn kò tíì bọ́ sílẹ̀ tán tó ti ń rojọ́. Ó ní Doña Zoraida, ìyá àgbà tó máa ń jókòó lẹ́yìn, ń sunkún ní gbogbo kòtò tí àwọn bá kọjá, torí egungun rẹ̀ ò gba jíjá lulẹ̀ mọ́. Ó ní àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ òun ti ń júwe mẹkáníìkì kan fún òun ní ẹ̀bá ojú irin. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá Evelio, mi ò fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì. Àmọ́ tó bá fi máa di ọjọ́ Ajé tí kò tíì dáa, ẹ má bínú sí mi."

Evelio mi orí. Nereida ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìlá, wà lábẹ́ ọkọ̀ míì, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Àwọn awakọ̀ ìlú yẹn, bí ẹnì kan bá yà, gbogbo wọn ló máa yà. Bàbá rẹ̀ ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, láti ọdún méjì tí ìyàwó rẹ̀ sì ti kú, iṣẹ́ yìí nìkan ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Nereida mọ ọkùnrin kan ní àdúgbò wọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà Kérésìmesì, tí wọ́n ti sin ín kí máńgòrò tó pọ́n.

Kì í ṣe pé wọn ò tíì gbìyànjú. Nígbà àkọ́kọ́, Evelio ní rọ́bà inú apá irin tó di táyà mú ló ti jẹ tán. Ó gé táyà ọkọ̀ ńlá, ó fi ṣe tuntun, bí gbogbo mẹkáníìkì erékùṣù wọn ti máa ń ṣe. Ọkọ̀ ṣì ń gbọn èèyàn. Nígbà kejì, ó rí i pé irin kan ti ṣẹ́ lára àwọn tó para pọ̀ jẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn, ó pààrọ̀ rẹ̀, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Ní báyìí ó ní títì ló bàjẹ́, kí Lisardo lọ bá ìjọba. Ó wọlé lọ se kọfí.

Bó ṣe wọlé tán ni Nereida fi ọwọ́ méjèèjì lé ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ṣé ẹ mọ ṣọ́ọ̀kì, irin tó dà bíi páìpù tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò. Tó bá ti kú, tí a bá tẹ ọkọ̀, á máa jó lọ jó bọ̀. Tó bá dáa, ọkọ̀ á lọ sílẹ̀, á dìde, á dúró. Èyí ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó tẹ iwájú wò, ìyẹn lọ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn le gbagidi bí ẹni ń ti ògiri.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì ni bàbá rẹ̀ tún ṣe lóṣù tó kọjá. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rí tuntun rà. Ṣe ni wọ́n ń lu ihò sí ògbólógbòó, tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì mìíràn sí i, tí wọ́n á wá fi iná dí ihò náà pa. Nereida tú ọ̀kan, ó gbé e dúró, ó sì fi gbogbo agbára tẹ ọ̀pá rẹ̀. Kò mira. Ó ṣí ihò rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ohun tó jáde ń fà bí oyin. Ó fi ìka ra á: ọ́ìlì gíà ọkọ̀ ńlá ni, ó ki ju èyí tí ṣọ́ọ̀kì ń fẹ́ lọ.

Inú ìgò ọtí ni wọ́n ń ta ọ́ìlì fún wọn, kò sí orúkọ lára rẹ̀, ohun tó bá wu ẹni tó ń tà á ló máa pè é. Ìdí nìyẹn tí Evelio kì í fi í bi wọ́n. Á kán díẹ̀ sí àtàńpàkò, á fi ìka ra á, á di ojú, á sì sọ ohun tó jẹ́. Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn wá láti òpópónà míì kó lè bá wọn ra á. Nereida ò rí i kó ṣì í rí.

Àfi ìgbà tó rántí ojú ibi tí iná jó ní ìka bàbá rẹ̀, tó ní òun ò mọ ibi tó ti wá. Bàbá náà ní ìtọ̀ ṣúgà, àìsàn yẹn sì lè mú kí ìka má mọ nǹkan lára mọ́. Nereida jókòó lórí táyà kan, ó sunkún díẹ̀, inú sì tún bí i pé bàbá òun fi irú nǹkan báyìí pa mọ́ fún òun.

Ó lè pààrọ̀ ọ́ìlì náà láìsọ fún ẹnikẹ́ni, kó sì ní ẹni tó tà á ló rẹ́ wọn jẹ. Iyì bàbá rẹ̀ ò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà ló tún máa fi ìka ra èyí tó kàn, ó sì lè jẹ́ ti bíréèkì.

Nígbà tí Evelio gbé kọfí jáde, ìgò méjì ni Nereida gbé síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi wo èwo ló fẹ́lẹ́."

Evelio kán ti àkọ́kọ́, ó ra á. Ó kán ti èkejì. Ó pẹ́ tó ti dijú.

"Ti àkọ́kọ́."

Ọ́ìlì gíà ni ti àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ lajú, ó wo ojú rẹ̀, ó wo ṣọ́ọ̀kì tó wà nílẹ̀.

"Mo ti ṣì í," ó ní.

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́fà. Òórùn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Mo rò pé òórùn á tó."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, kí ni màá wá máa wá ṣe níbí láràárọ̀?"

Nereida gbé ìgò míì sí àárín àwọn méjèèjì. Wọ́n jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ ń ra ọ́ìlì, bàbá ń bi í bó ṣe rí lọ́wọ́, bàbá sì ń wá ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé ohun tí kò fi ẹnu sọ rí. Ó ní ọ́ìlì tó dáa gbọ́dọ̀ máa sá fún ìka, àmọ́ kó má tètè sá. Ìgò márùn-ún ni wọ́n gbé tì kí wọ́n tó rí èyí tó yẹ.

Nírọ̀lẹ́, Lisardo wa ọkọ̀ náà kọjá lórí gbogbo kòtò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ yìnyín, ó sì fi ẹ̀rín padà dé. Ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Nereida ti ní irọ́ lẹ́nu, ó ti ń sọ pé ẹni tó ta ọ́ìlì fún wọn ló rẹ́ wọn jẹ, nígbà tí bàbá rẹ̀ dá a dúró.

"Èmi ni. Ọ́ìlì gíà ni mo rọ sí i. Ìka mi ò mọ nǹkan lára mọ́, mo sì fi pa mọ́. Bá mi bẹ Doña Zoraida."

Lisardo tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Nereida.

"Ọ̀gá, bíréèkì náà ti ń fà sápá kan. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí n gbé e wá?"

Nereida wo bàbá rẹ̀ pé kó dáhùn. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni bàbá náà ń wò, ó ń retí ohun tí òun máa sọ.